Ẹ̀jẹ̀ Tí Abẹ́rẹ́ Ìfètòsọ́mọbíbí Ń Fà àti Ìrun Obìnrin

Ìbéèrè: Áfáà wa, ọmọ mi tí ó pé oṣù 8 ṣì ń mu ọyàn. Èmi àti ọkọ mi fẹnu kò, mo sì gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta. Ó di ọ̀sẹ̀ 5 báyìí tí ẹ̀jẹ̀ ń wá, tí ó ń dá, tí ó tún ń padà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 7 ni nǹkan oṣù mi máa ń lò tẹ́lẹ̀. Oníwàásù kan ní èèwọ̀ ni abẹ́rẹ́ náà. Òmíràn ní n kò gbọdọ̀ kírun títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá pátápátá. N kò tíì kírun láti ìgbà náà.

Ìdáhùn: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹn kò gba àkókò. Jábìr, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé (àwọn alábàárìn Ànábì), sọ pé wọn a máa da omi ọkùnrin síta nígbà tí Kùránì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, a kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Ohun tí ó bá dá oyún dúró fún ìgbà díẹ̀, tí tọkọtaya fọwọ́ sí, tí kò sì pa ara lára, ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀. Họ́mónù tí a ń pè ní projẹ́stínì nìkan ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ yín, kò sí họ́mónù kejì, ẹ́sítírójínì, níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń yàn án fún ìyá ọlọ́mọ ọyàn. Ẹ̀jẹ̀ ségesège yìí ni àléébù rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù.

Ẹni tí ó ní kí ẹ pa ìrun tì ni n kò lè gbójú fò. Ìmáàmù Mọ́líkì gba ọ̀rọ̀ Ummu Salamọ, ìyàwó Ànábì, wá, pé ó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, Ànábì sì ní kí ó ka iye ọjọ́ tí ó máa ń ṣe nǹkan oṣù tẹ́lẹ̀, kí ó fi ìrun sílẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀, kí ó di aṣọ mọ́ra, kí ó sì kírun. Níbo ni “títí yóò fi dá” ti wọ inú èyí?

Nínú ìlànà Mọ́líkì tí a ń tẹ̀ lé, ọjọ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ẹ ó ṣà jọ, ẹ kò ní ka ọjọ́ tí ó dá mọ́ ọn. Bí ó bá pé 7, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá a lọ, ẹ fi ọjọ́ 3 ìṣọ́ra kún un. Nígbà tí ó bá pé 10, ẹ wẹ̀: ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni ìyókù, ẹ ó máa kírun, ẹ ó máa gbààwẹ̀, ọkọ yín sì lè súnmọ́ yín. Kódà kí 10 tó pé, ọjọ́kọ́jọ́ tí ó bá dá, ẹ wẹ̀ kí ẹ kírun. Lẹ́yìn ọjọ́ 15 tí ẹ ti fi wà ní mímọ́, bí àwọ̀ tàbí òórùn ẹ̀jẹ̀ bá yí padà dé ibi tí ẹ fi dá a mọ̀, nǹkan oṣù tuntun nìyẹn. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣì mọ́.

Nítorí náà, yàtọ̀ sí ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ 10 yẹn (àti ọjọ́ nǹkan oṣù tuntun, bí ó bá ti wáyé), ẹ jẹ gbèsè ìrun ọjọ́ ìyókù. Mo mọ̀ pé ó wúwo, arábìnrin mi, ẹ̀bi ẹni tí ó ṣì yín lọ́nà sì pọ̀ ju tiyín lọ. Ẹ máa san ìrun ọjọ́ 2, ó kéré tán, lójúmọ́.

Ní ti abẹ́rẹ́ tí ó kàn, bí ẹ bá fẹ́ oyún mìíràn láìpẹ́, ẹ mọ̀ pé ó lè tó ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ bá dáwọ́ dúró kí ó tó padà ṣeé ṣe. Ti ọ̀pá kékeré tí a ń fi sí abẹ́ awọ apá, tí òun náà jẹ́ ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí, kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Ẹ bi oníṣègùn yín, ẹ sì tètè lọ bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ń ya.