Ṣé omi úgú máa ń di ẹ̀jẹ̀ lára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi lóyún oṣù márùn-ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, jẹ́ 28. Ìyá mi ní ká máa fún omi úgú, ká bu mílíìkì sí i, kó máa mu ún láràárọ̀. Ẹnì kan tún fi fídíò ránṣẹ́ sí mi pé ohun kan náà ló wà nínú ewé àti ẹ̀jẹ̀, pé bí omi ewé bá ti wọnú ara ló ń di ẹ̀jẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn mú òótọ́ díẹ̀ dání, ibi tó wá já ọ̀rọ̀ sí ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Chlorophyll tó ń fún ewé ní àwọ̀ àti heme tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Ìdílé porphyrin ni wọ́n ti wá. Òrùka kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ yípo di òrùka ńlá kan ni porphyrin, nitrogen mẹ́rin sì kọjú sí àárín rẹ̀. Àárín yẹn ni mẹ́táàlì ń jókòó sí: irin nínú heme, magnesium nínú chlorophyll. Irin yẹn ni oxygen ń dì mọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé e kiri ara. Hans Fischer, ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930 nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ara kì í yọ magnesium kúrò kó wá fi irin dípò rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe heme láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá nínú mùdùnmúdùn eegun. Kódà heme tó wà nínú ẹran tí a jẹ, ńṣe ni ìfun ń fọ́ òrùka rẹ̀, bí ẹni wó ilé àtijọ́ torí ọ̀pá irin inú rẹ̀. Irin ló ń mú, kì í lo òrùka yẹn mọ́. Ní ti chlorophyll, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde ni.

Ẹ lè fojú ara yín rí bí magnesium ṣe ń kúrò. Bí ẹ̀fọ́ bá pẹ́ lórí iná nínú ata àti tòmátò, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, torí pé omi kíkan inú tòmátò ti lé magnesium jáde. Àwọn kan máa ń fi kán-ún sí i kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí kán-ún ń ba fítámì C jẹ́. Ẹ̀fọ́ tó ṣú kò sọ irin rẹ̀ nù. Irin ẹ̀fọ́ kò sí nínú àwọ̀ rẹ̀.

Úgú ní irin àti folate, ìyẹn fítámì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ fún Màámà pé kò wúlò. Àmọ́ irin inú ewé kì í tètè wọ ara, calcium inú mílíìkì sì tún ń dí i lọ́wọ́. Ẹ yọ mílíìkì kúrò, ẹ fún ọsàn sí i. Tèmi ni pé kó jẹ ẹ́ ní sísè, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran, torí pé àwọn wọ̀nyí ń ran irin ewé lọ́wọ́ láti wọ ara, iná sì ń pa kòkòrò tó lè wà lára ewé tútù. Kó má fi tíì lé e.

PCV 28 fún aláboyún ti lọ sílẹ̀ ju ohun tí úgú nìkan lè gbé. 33 ló yẹ kó kéré jù. Ẹ padà sí ọsibítù tó ti ń gba ìtọ́jú oyún, kí wọ́n wò ó bóyá ibà tàbí aràn ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n sì yẹ genotype rẹ̀ wò bí kò bá tíì ṣe é. Wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin àti folic acid, wọ́n á sì sọ iye tó máa lò. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú tó bá ń lò ó. Ẹ má fòyà. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.