Ọrọọrún Kì Í Ṣe Ọ̀run

Àbúrò kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Àgùdà ní Ìkòròdú ló bi mí léèrè. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òwe ni Fadà wọn fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Nígbà tí Mísà parí, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní ọrọọrún ni pé kí babaláwo máa gbójú sókè wo ọ̀run. Èkejì, tó kàwé díẹ̀ jù ú lọ, ní rárá o, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni. Ó ní ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ó dájú pé àwọn baba ńlá wa ò mọ ìṣirò. Ni gbogbo wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò wá ní kí n sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí n sì sọ bóyá ó yẹ kí Fadà máa gbé òwe babaláwo wọ inú ìwàásù.

Ti ẹni àkọ́kọ́ ò bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ohùn ni kò gbọ́. Ọ̀run lọ̀tọ̀, ọrún lọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, lọ́jọ́ kan yóò ru ọkọ́ lọ sí Ẹ̀bútẹ́ pé òun fẹ́ fi sọdá ọ̀sà lọ sí Èkó, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n ní kó wọ̀. Ẹnì kejì yẹn ló dùn mí. Òun ló mọ ìdajì, ìdajì tó mọ̀ yẹn ló sì fi ń bú ẹni tó bí baba tó bí i.

Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Ọrún, inú àrún ló ti jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa fi ń yí po: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Awo, babaláwo á na ìka kan fún òní. Ògún á ṣìkejì, Jàkúta á ṣìkẹta, Ọbàtálá á ṣìkẹrin, Awo á sì tún padà dé ní ìka karùn-ún. Ọrún pé nìyẹn; ọrọọrún ni pé kó máa dífá ní ọrún kọ̀ọ̀kan. Òní tí ó dúró lé lórí, ó kà á mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí ìtàlá jẹ́ mẹ́tàlá, tí ìtàdógún jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹ yọ òní kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ó rí mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe é pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù. Ṣé ẹni tí kò mọ ìṣirò ló to èyí? (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèpàdé lọ́sẹ̀ méjì-méjì tí ẹ ń pè é ní ìtàdógún, ẹ̀yin náà lẹ́jọ́ láti rò, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ mìíràn.)

Ìyá àgbà mi ló kọ́ mi ní èyí, kì í ṣe ìwé. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń kó láti Ẹ̀pẹ́ wá tà ní Ìkòròdú. Bàbá àgbà sì ń hun àwọ̀n. Àgùdà paraku ni àwọn méjèèjì. Mísà ò gbọdọ̀ fò wọ́n dá, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá àgbà ò mọ A yàtọ̀ sí B. Èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Mísà nígbà náà, kí Àpérò Vatican Kejì tó fàyè gba èdè abínibí. Bí Fadà bá ti wí tirẹ̀, Ìyá àgbà á fi gbogbo ẹnu dáhùn "Et cum spiritu tuo", wọ́n á sì tún bi mí lọ́nà ilé pé kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà tó ń di ojú àwọ̀n tó ya, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sórí itan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀. Àtàǹpàkò ni òní. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kà lọ: òní, Àbámẹ́ta, Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, títí ìka kẹjọ á fi bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ìka kọ̀ọ̀kan ló ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ta ni mo jẹ ní gbèsè lọ́jọ́ yìí? Ta ni mo bú lójú ọjà? Òkè ẹja wo ni mo to èyí tó tóbi sójú rẹ̀, tí mo kó wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀? Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí ìka kan dá wọn dúró. Wọ́n mi orí, wọn ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti di ẹja aborí méjì sínú ewé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé oníbàárà kan lọ́nà Ìgbógbó. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀yìn tán, wọ́n á tún un kà síwájú, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí ọjọ́ Àìkú mìíràn tó dé. Àtàǹpàkò kan náà ni wọ́n tún fi ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ ti ka òní lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ń kà á." Wọ́n nawọ́ sí àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ bàbá àgbà. Wọ́n ní kí n wo kókó kan, kí n sọ ojú àwọ̀n tó ni ín, ṣé èyí tó wà lókè ni àbí èyí tó wà nísàlẹ̀. Mo wò ó títí. Àwọn méjèèjì ló ni ín. Bí ẹ bá tú kókó yẹn nítorí ojú kan, ẹja á gba ibi ojú kejì lọ. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni òní rí. A kì í ka òní nù."

Tọ́jú gbólóhùn yẹn, àbúrò, nítorí òun ni mo fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn tó kù.

Yorùbá tó bá sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé "ọjọ́ mẹ́jọ òní ni ìgbéyàwó", Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ló ń wí. Àwọn tí wọ́n ń fi òní sílẹ̀ níta á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á bá àga àti ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn fúnra wọn ń jẹ́rìí takò wọ́n lójoojúmọ́. Kí ni ìjẹta? Òní, àná, ìjẹta. Ẹ̀ta jókòó sínú orúkọ rẹ̀, òní sì ni ọ̀kan nínú ẹ̀ta náà.

Níbí ni mo ti máa ń bá àwọn alárìíwísí Àjíǹde wọ̀yá ìjà. Bí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá ti dé, wọ́n á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin Jésù, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ló jí, wákàtí tó wà láàárín ò pé ọjọ́ méjì, báwo ni Ìjọ ṣe ń kà á lórí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ pé ọjọ́ kẹta ni? Kí Òyìnbó jiyàn bẹ́ẹ̀, mo gbà. Kò yẹ ọmọ Yorùbá. Ẹ dúró sí òwúrọ̀ Àjíǹde yẹn kí ẹ wo ẹ̀yìn: òní, àná, ìjẹta. Ìjẹta ni ọjọ́ Ẹtì. Àwọn Júù ìgbà náà ń ka òní mọ́ ọn bíi tiwa.

Ẹ wo ti Tọ́másì. Ìrọ̀lẹ́ Àjíǹde ni Jésù fara han àwọn àpọ́sítélì, Tọ́másì ò sí ńlé. Jòhánù orí 20, ẹsẹ 26, ní lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni Jésù tún wá. Àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tuntun kan ti yí i sí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, kó má baà rú àwọn èèyàn wọn lójú. Ti Yorùbá ò nílò àtúnṣe kankan. Àìkú sí Àìkú, mẹ́jọ ni. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi ń padà wá lọ́dọọdún ní Mísà Àìkú kejì Ọdún Àjíǹde. Láti ìgbà tí wọ́n tún ètò ìwé kíkà ṣe ní 1969, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ Ìyìn Rere ọjọ́ Àìkú fi ń yí po. Èyí kì í kúrò níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ gan-an ni. Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, láti Àìkú Àjíǹde dé Àìkú kejì, bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ìjọ ṣe ń ṣe é. Irú ọdún ọlọ́jọ́ mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀; ní 1955 Póòpù Pius Kejìlá gé wọn kù sí mẹ́ta, ti Pẹ́ńtíkọ́sì sì tún lọ ní 1969. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí kí wọ́n tó gé e.

Ti Kérésìmesì ṣì wà. Ẹ fi àtàǹpàkò mú ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá, ìka kẹjọ á bọ́ sí ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní. Ìyìn Rere tí wọ́n ń kà ní Mísà ọjọ́ yẹn, láti ọ̀dọ̀ Lúùkù orí 2, ló ti sọ pé nígbà tí ọjọ́ mẹ́jọ pé, wọ́n kọ ọmọ náà nílà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jésù. Ìkómọ ni! Gbogbo Ìkòròdú á máa yin bángà lóru mọ́jú, ariwo ọdún tuntun á gba ìgboro, kò sẹ́ni tó rántí pé ìkómọ la wá jẹ.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó máa sọ pé láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ọkùnrin, ìbejì ló ni ọjọ́ kẹjọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wa máa fẹnu kò sórí ẹyọ kan, èwo la mú? Àwọn àna mi ní Ẹ̀pẹ́, mùsùlùmí ni wọ́n. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń ṣe fídáù òkú. Àwọn baba Ìjọ náà, bíi Justin ajẹ́rìíkú ní ọ̀rúndún kejì, ń pe ọjọ́ Àìkú ní ọjọ́ kẹjọ: ọjọ́ kìn-ín-ní tí Ọlọ́run dá ìmọ́lẹ̀, òun kan náà ni ọjọ́ kẹjọ tí Kristi fi bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ibi ìrìbọmi àtijọ́ fi ní igun mẹ́jọ nìyẹn. Justin kò mọ bàbá àgbà mi, ṣùgbọ́n kókó àwọ̀n ló ń wí.

Èrò tèmi ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló ba ìka wa jẹ́. Àwọn Fadà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà fún ilẹ̀ Áfíríkà, tó mú Mísà wá sí etíkun wa, Lyon ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1856, èdè Faransé ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Títí di òní, Faransé ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ, ó ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, kí ẹ lọ bi wọ́n ní Kútọnu. Nígbà tí àwọn Fadà yẹn lọ dá oko àgbọn sílẹ̀ ní Tópò lẹ́bàá Àgbádárìgì ní 1876, tí wọ́n bá ní kí èèyàn padà wá ní ọjọ́ mẹ́jọ, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣì wọ́n gbọ́. Ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló wá kọ́ wa pé òní kì í ṣe nǹkan kan, ọ̀la ni ká ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ní ti ìbéèrè kejì, kí Fadà máa lo òwe rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo wa ń pè lẹ́nu yìí, ọjọ́ tí à ń sin òrìṣà ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó di orúkọ odidi ọjọ́ méje, Ìjọ sì ń lò ó láìṣojo. Ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbọ́ nínú òwe náà ni pé babaláwo kì í sọ pé mo ti dífá lóṣù tó kọjá, ó tó. Bí ọrún bá ti pé, ó tún jókòó ti ọpọ́n. Àwa tí wọ́n ní ká wá lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́jọ, ìwàásù ò tíì dé ìdajì tí a ti ń wo aago, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé Kérésì àti Àjíǹde nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ń mọ̀ ọ̀nà. Ní ti ìdí tí wọ́n fi ń pe ọjọ́ náà ní Àìkú, àlàyé tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe é lọ, mi ò ní dá sí i.

Lóṣù tó kọjá ni mo bi àwọn ọmọ tó ń kọ́ katikísìmù pé kí ni ìjẹrin. Ọ̀kan ní oúnjẹ ni. Òmíràn fa fóònù yọ, ó fẹ́ wá a níbẹ̀. Orí mi gbóná, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá wí? Àwọn òbí tó ń sọ "nẹ́ẹ̀sì wíìkì" fún wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, àbúrò, bí ẹ bá ṣe Mísà tán lọ́jọ́ Àìkú yìí, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ síbi tí ẹ ti jiyàn. Ní kí kálukú na ọwọ́ méjèèjì, kí wọ́n ka ọjọ́ mẹ́jọ síwájú, kí wọ́n sì fi àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìka kẹjọ rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé ti fo òní. Kó tún un kà.