Ẹ Bi Olọ́sìn Léèrè: Ẹ̀ẹ̀rùn dé, adìyẹ ń kú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé ladìyẹ mi máa ń kú. Wọ́n á kọ́kọ́ máa tòògbé, ìgbẹ́ wọn á rí bí ewé, ọrùn á lọ́, ilẹ̀ á mọ́ mo bá òkú. Mo po kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn mọ́mi fún wọn, kò mú un. Aládùúgbò mi ní ayé ló ń bá mi jà. Ṣebí adìyẹ ìbílẹ̀ kì í ṣàìsàn bíi tàwọn agric?
— Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o màmá. Ayé kọ́, àrùn lùkúlùkú ni, ẹ̀yin gan-an ti júwe ẹ̀ tán. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kápúsù yẹn ò sì ràn án rárá, owó lẹ kàn ń dà sómi. Èyí tẹ́ẹ sọ pé adìyẹ ìbílẹ̀ kì í ṣàìsàn, irọ́ funfun báláú ni, òun ló tiẹ̀ ń pa wọ́n jù, torí ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á ṣílẹ̀kùn àgò láàárọ̀, á da eèrí sílẹ̀, ó tún dìrọ̀lẹ́ kó tó wojú wọn.

Àjẹsára ni kẹ́ ẹ wá, Lasota lorúkọ èyí tí wọ́n ń pò mọ́mi. Ẹ lọ bá dókítà ẹran bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ má dúró dọyẹ́. Ìgò kékeré kan lè tó 100 tàbí 200 adìyẹ, ìyẹn ló ń lé èèyàn sá, wọ́n á ní mẹ́jọ péré làwọn ní. Ẹ bá àwọn ará àdúgbò dáwó jọ, kí gbogbo yín lò ó lọ́jọ́ kan náà, adìyẹ ò kúkú mọ ààlà. Inú fláàsì tó ní áìsì ni kẹ́ ẹ fi gbé e wálé. Lọ́jọ́ náà, ẹ má tíì ṣí wọn sílẹ̀, ẹ febi omi pa wọ́n fún bíi wákàtí méjì, kẹ́ ẹ wá pò ó mọ́ omi kànga tàbí omi òjò, torí kòlórínì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, ń pa àjẹsára náà. Èyí tí wọn ò bá mu tán láàárín wákàtí méjì, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ tún un fún wọn.

Èyí tó bá kú, ẹ gbẹ́lẹ̀ jìn kẹ́ ẹ sin ín. Ẹlòmíì á yára gbé èyí tó ń tòògbé lọ sọ́jà, ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà wọ ilé ẹlòmíì nìyẹn o! Torí ẹ̀, èyí tẹ́ẹ bá rà lọ́jà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lánlọ́ọ̀dù ní àkùkọ mi kì í jẹ́ kóun sùn, aago mẹ́rin ló ti ń kọ. Tí mo bá pa á, ṣé àwọn àgbébọ̀ mi á ṣì máa yé?
— Ayálégbé, Ṣàgámù

Wọ́n á yé dáadáa. Àgbébọ̀ ò nílò akọ kó tó yé, kí ẹyin tó lè pa ló nílò ẹ̀. Ẹ máa rí ẹyin jẹ, àmọ́ tí ọ̀kan bá sàba, ọjọ́ 21 á pé, ẹ ò ní gbóhùn òròmọ kankan. Tẹ́ẹ bá ń fẹ́ òròmọ, ẹ gba ẹyin lọ́wọ́ ẹni tó ní àkùkọ, kẹ́ ẹ kó o sábẹ́ èyí tó ń sàba, kò ní mọ̀ pé tòun kọ́. Kẹ́ ẹ tó gbómi kaná ṣá, ẹ kọ́kọ́ máa fi àkùkọ náà síbi tó ṣókùnkùn lálẹ́, kẹ́ ẹ má dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn o, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó kọ. Tó bá wá di pé ẹ pa á, ẹ fi itan kan ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù.