Oògùn ò lè dá ohun tí ìmọ́lẹ̀ ò gbé wọ fíìmù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ ya ìyá àgbà kan ní fọ́tò ní Ẹnuwá lọ́sàn-án gangan, ojú wọn dúdú kirikiri, léèsì wọn sì funfun báláú láìní ọnà kankan. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí fíìmù tó kàn pẹ́ sí i nínú oògùn tí a fi ń fọ fíìmù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà gbà ló ń pinnu ibi tó ṣókùnkùn. Ibi tó funfun ni pípẹ́ nínú oògùn ń mú le jù: á ki lórí nẹ́gẹ́tíìfù (fíìmù tí a ti fọ̀, níbi tí funfun ti ń di dúdú, tí dúdú sì ń mọ́), ọnà léèsì á sì bò mọ́lẹ̀.

Fíìmù dúdú-àti-funfun HP5 Plus 400 lèmi náà ń lò; 400 yẹn ni bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Lábẹ́ irú oòrùn yẹn, 200 ni mo máa ń yí kámẹ́rà sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé ní ìlọ́po méjì. Nínú oògùn ID-11 tí a ò bu omi là, ìṣẹ́jú 7½ ló yẹ ní 20°C bí a bá yà á ní 400. Èyí tí mo yà ní 200, mo máa ń yọ ọ́ ní bíi 6, kí ibi funfun má baà ki jù.

Omi Ifẹ̀ wa ńkọ́? Ó gbóná ju 20 lọ dáadáa, oògùn sì máa ń yára nínú ooru. Omi inú ọ̀rá tó ti dì ni mo máa ń kó yí ike oògùn ká nínú bàsíà. Nígbà kan mo kánjú, témómítà ń ka 27, mo ní kò burú. Fíìmù ìsìnkú bàbá mi ni. Agbádá funfun àti ojú ọ̀run di ọ̀kan ṣoṣo. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù yẹn síwájú fèrèsé. Bí ibi ojú ìyá bá mọ́ gaara bíi gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ló kéré; bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ẹ ṣì lè rí nǹkan tẹ̀ jáde.