Kí ló ń mú kí ẹ̀rọ tí mo fi ń yí igi gbẹ́ ẹsẹ̀ àga l'Ákùúrẹ́ máa gbọ̀n, tí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì tó ń di igi mú sì ń tàsé ara wọn?

Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bá rí gbágungbàgun, tí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì de ẹ̀rọ náà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, irin gbọọrọ tó gbé e yóò lọ́. Ìyẹn lè mú kí ṣóńṣó tàsé. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fi páànù pẹlẹbẹ há abẹ́ ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀, kí ẹ tó dè é padà. Ẹ gbá èérún igi kúrò lábẹ́ orí ẹ̀yìn (apá tó ṣeé sún), ẹ sún un dé orí iwájú (apá tó ń yí igi): ṣóńṣó gbọ́dọ̀ kan ṣóńṣó.

Bó bá ṣì ń gbọ̀n, ó lè jẹ́ igi tútù tó wúwo lápá kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré tó kéré, bíi ìyípo 500 ní ìṣẹ́jú kan, títí yóò fi rí róbótó. Àpò iyanrìn tí ẹ bá kó sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ń dín gbígbọ̀n kù (òun ni mo fẹ́ràn jù). Bíárìn (òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) tó ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.