Èsì: Ṣé etí la fi ń gbọ́ òórùn ni?

Ọ̀kun o, àbúrò. O ní ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣèwádìí ìdí tí a fi ń "gbọ́" ohùn tí a tún ń "gbọ́" òórùn. Viberg, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ti to irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ èdè ní 1983. Àmọ́ ìwádìí Majid àti Burenhult, àwọn onímọ̀ èdè, ní 2014, ni kí o kọ́kọ́ kà: àwọn Jahai ní Malaysia ń dárúkọ òórùn wẹ́rẹ́ bí ẹni ń dárúkọ àwọ̀, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá ọ̀rọ̀ tì.

Àwa náà kò kẹ̀rẹ̀ o! Lọ́jà Kábà, màmá mi á ṣí igbá irú, wọ́n á ní tàwọn ń ta sánsán, ti aládùúgbò ti ń hu (ìjà ọjà nìyẹn). Gbé fóònù lọ síbẹ̀, gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Owé, ẹ̀ka-èdè Kábà, gan-an, má yí i sí Yorùbá ìwé.