Ṣé òkè wà nítòsí Ẹ̀pẹ́ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn nínú igbó rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan?

Rárá o, kò sí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ Gashaka-Gumti, tó wà ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, ni ẹ ti lè rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1991 ni wọ́n pa igbó Gashaka àti Gumti pọ̀. Apá ibẹ̀, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà: mítà 2,419. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀ o. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn darandaran àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni ẹ ó máa tọ̀. Ìgbà ẹ̀rùn ló dára jù, torí odò máa ń kún lásìkò òjò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá lọ láìsí ẹ̀ṣọ́ igbó, kí ẹ sì wádìí bí ààbò ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó gbéra.

Bó bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan péré, òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sún mọ́ yín jù; ẹ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ìlú àtijọ́ sì wà lókè. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí kò gun òkè rí ti bẹ̀rẹ̀.